Ẹ gbà mí o: kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà kan, mílílítà mélòó gan-an ni?

Ìyá Ìbejì Oníkéèkì (Ìbàdàn)
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fi sáré wá síbí. Mo rí rẹ́sípì kéèkì kan lórí YouTube, obìnrin Amẹ́ríkà kan ló ṣe é, ó wù mí gan-an: fúláwà kọ́ọ̀pù 3, ṣúgà kọ́ọ̀pù 2, buttermilk (mílíìkì kíkan) kọ́ọ̀pù 1, bọ́tà stick 2, ẹyin 4, bákìń páúdà pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Mo ṣe é fún kọ́sítọ́mà tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ ní Sátidé, mo tẹ̀lé gbogbo ohun tó wí, àfi ìgbà tí kéèkì jáde tó le bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta, tí ojú ẹ̀ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mo dá owó padà. Owó yẹn ṣì ń ro mí lára bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìbéèrè mi rèé. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n ń pè yẹn, èwo ni? Google ní 236, mo wo ibòmíì wọ́n ní 240, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe kéèkì ní Abúlé Ẹ̀gbá ní 250 lòun ń lò láti ọjọ́ yìí. Ẹnu ta ni kí n gbọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Màmá Ìbejì, kí lẹ tún bá lọ sí Amẹ́ríkà? Agolo mílíìkì ni ìyá tèmi fi wọn fúláwà láyé ẹ̀, ó ṣe pọfupọ́ọ̀fù tà títí ó fi rán wa níléèwé, kò sí mílílítà kankan níbẹ̀ 😂

Àdùnní Houston
Ẹ má dá a lóhùn mà, ẹ̀rín ló ń wá kiri.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, òótọ́ ni gbogbo wọn, ibi tí wọ́n ti ń lo kálukú ló yàtọ̀. 236.6 ni kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń se oúnjẹ níbí. 240 ni òfin ní kí wọ́n máa kà á sí tí wọ́n bá ń kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ sára páálí, kí ìṣirò lè rọrùn ni. 250 ni ti àwọn ará Ọsirélíà àti àwọn mìíràn tó ń lo mẹ́tíríìkì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, láti 236 dé 250, mílílítà 13 péré ló wà láàárín wọn, kò tó ṣíbí ìjẹun kan. Ìyẹn ò lè sọ kéèkì di òkúta láéláé. Nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀ ní kíṣìnì yín. Kí lẹ fi wọn fúláwà yẹn gan-an?

Ìyá Ìbejì Oníkéèkì (Ìbàdàn)
@Àdùnní kọ́ọ̀pù náà ni o jàre, kọ́ọ̀pù tíì wa tó lọ́wọ́ yẹn, èyí tí bàbá wọn fi ń mu tíì láàárọ̀. Òun ni mo fi wọn fúláwà àti ṣúgà. Mílíìkì ni mi ò fi wọn torí mo ní jọ́ọ̀gì oníke kan tí wọ́n fa nọ́ńbà sí lára, mo wọ̀n ọ́n dé 240 bí mo ṣe rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bọ́tà náà, mo gbọ́ pé stick kan jẹ́ gíráàmù 113, mo fi sikéèlì wọn 226.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)
Ẹ kú iṣẹ́ o Ìyá Ìbejì. Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín, ẹ ò tíì mọ̀ ni. Ẹ lọ mú kọ́ọ̀pù ọ̀gá yẹn wá, ẹ wá ìgò mineral tí wọ́n kọ iye sílẹ̀ sí lára, ẹ bu omi kún un, kẹ́ ẹ dà á sínú kọ́ọ̀pù náà, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa.

Kẹ́ ẹ tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí 236 yẹn ti wá, torí fíríàksọ̀n tó burú bẹ́ẹ̀ ò lè ṣàdédé wá. Ní 1707, nígbà ayé Ọbabìnrin Anne, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é pé gálọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wọn wáìnì gbọ́dọ̀ gba 231 cubic inch, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ní àpótí kékeré tí gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ jẹ́ íǹṣì kọ̀ọ̀kan, 231 irú ẹ̀ ló máa kún un. Nígbà tí Amẹ́ríkà kúrò lábẹ́ wọn, gálọ́ọ̀nù yẹn ni wọ́n gbé dání lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá jókòó ní 1824, wọ́n ní àwọn ò ṣe ìyẹn mọ́, wọ́n ṣe gálọ́ọ̀nù tuntun tó gba omi tó wúwo tó páùn 10. Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa ṣe tiwọn lọ. Bí gálọ́ọ̀nù ṣe di méjì nìyẹn: ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546. Ti Amẹ́ríkà yẹn, quart 4 ló wà nínú ẹ̀, quart kan jẹ́ páíńtì 2, páíńtì kan jẹ́ kọ́ọ̀pù 2. Kọ́ọ̀pù 16 nìyẹn. Ẹ pín 3785 sí ọ̀nà 16, ẹ máa bá 236.6 níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní físíìsì ní fọ́ọ̀mù 4 àbí irú yín ni? Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ìyá Ìbejì Oníkéèkì (Ìbàdàn)
Yéè. Mo da ìgò mineral onísẹ̀ǹtílítà 35 sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wọlé, ó kún dé etí, kò sì ṣẹ́kù nǹkan kan nínú ìgò. Ṣé 350 nìyẹn?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)
350 ni. Sẹ̀ǹtílítà kan jẹ́ mílílítà 10, òdo kan lẹ máa fi sí i. Kọ́ọ̀pù ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà kan àti ààbọ̀. Ẹ ní fúláwà kọ́ọ̀pù 3, ohun tó wọnú àwo yín jẹ́ 1050, 710 ló yẹ kó jẹ́. Ṣúgà náà, 700 dípò 473. Mílíìkì wá jẹ́ bó ṣe yẹ, bọ́tà jẹ́ bó ṣe yẹ, ẹyin 4 náà. Fúláwà tó tó èèyàn mẹ́ta ni, ẹ wá fún un ní omi èèyàn méjì. Báwo ni kò ṣe ní le?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé ká ní ẹ fi kọ́ọ̀pù ọ̀gá wọn mílíìkì pẹ̀lú ni, ì bá sàn díẹ̀, torí ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo nǹkan, kéèkì ẹ̀ kàn máa tóbi ni. Ìdí tí agolo mílíìkì ìyá Ìjẹ̀ṣà fi ṣiṣẹ́ nìyẹn, agolo ló fi wọn ohun gbogbo. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa òṣùwọ̀n méjì pọ̀ nínú àwo kan ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Ẹ gbọ́! Tíṣà ti dá màmá mi láre. Mo fẹ́ fi síkirínṣọ́ọ̀tì yìí ránṣẹ́ sí i.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ kéèkì o, kọ́sítọ́mà mi kan ló ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí bẹ́ǹṣì níbí ó sì kà á sókè, mo ní háà, ọ̀rọ̀ wa náà nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ṣí ìwé mọ́tò yín wò, quart ni wọ́n fi kọ ẹ́ńjìn ọ́ìlì síbẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí tí ìwé ẹ̀ ní 4.6 quart pẹ̀lú fílítà. Quart kan jẹ́ mílílítà 946, ẹ ṣe é ní ìgbà 4.6, ó lé díẹ̀ ní lítà 4.35. Ọ́ìlì tí à ń rà lọ́jà ńkọ́? Gálọ́ọ̀nù onílítà 4. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á da gálọ́ọ̀nù kan sí i, wọ́n á pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó parí, torí àwọn ọ̀gá wa ló ti sọ pé gálọ́ọ̀nù kan lẹ́ńjìn ń mu. Mílílítà 350 ti dín níbẹ̀ kí mọ́tò tó kúrò lọ́gbà. Oṣù kan á kọjá, onímọ́tò á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á ní ẹ́ńjìn òun ti ń jẹ ọ́ìlì, wọ́n á ní kó lọ ṣe ríǹgì. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tú ẹ́ńjìn ẹ̀ nítorí ọ́ìlì tí wọn ò fún un mu.

Ẹ máa ra gálọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú onílítà 1, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀pá wò ó bẹ́ ẹ ṣe ń dà á.

Àdùnní Houston
@Mẹkáníìkì òdìkejì ẹ̀ náà wà o. Bọ̀dá mi kó ọ́ìlì láti ibí lọ sílé, èyí tó wà nínú jọ́ọ̀gì onípọ́nmọ́ 5 quart, wọ́n da gbogbo ẹ̀ sínú mọ́tò torí wọ́n rò pé gálọ́ọ̀nù náà ni. 5 quart jẹ́ lítà 4.73.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ìyẹn náà ò da fún un, ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù, kíráńkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìn, á máa pò ó bí ẹni ń po ẹyin, á máa hó. Onípọ́nmọ́ kẹ̀ 😂 ẹ jọ̀ọ́ kí lẹ fẹ́ kọ?

Àdùnní Houston
Oníke ni mo fẹ́ kọ, fóònù mi ló ní ebi ń pa mí.

Alépo Ìkirè
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Epo pupa ni mò ń tà. Ọmọ wa kan tó ní ilé oúnjẹ ní Maryland pè mí lọ́dún tó kọjá, ó ní "màmi, gálọ́ọ̀nù 5 ni mo fẹ́, ẹ ṣírò owó ẹ̀ àti owó kágò fún mi." Èwo ni gálọ́ọ̀nù lọ́dọ̀ tiwa? Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò yẹn ni, onílítà 25. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà epo tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gálọ́ọ̀nù kan, òun ni wọ́n máa gbé fún yín. Mo ṣírò kẹ́ẹ̀gì 5, lítà 125, mo fi iye ẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà fi igbe ta lórí fóònù, ó ní "màmi, ṣé kí n máa fi wẹ̀ ni?"

Ìgbà tí àbúrò mi ṣírò ẹ̀ la wá rí i pé gálọ́ọ̀nù 5 tiwọn ò ju lítà 19 lọ. Kò kún kẹ́ẹ̀gì kan! Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tiwa jẹ́ gálọ́ọ̀nù tiwọn 6 àti díẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)
6.6. Ẹ ṣeun Màmá, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ láti àárọ̀ lẹ sọ yẹn. Gálọ́ọ̀nù lẹ́nu tiwa kì í ṣe òṣùwọ̀n mọ́, orúkọ ike ni. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì jẹ́ lítà 4, gálọ́ọ̀nù pẹ́ńtì jẹ́ lítà 4, gálọ́ọ̀nù epo jẹ́ 25, ẹni tó bá sì ń ta kẹrosíìnì lè ní onílítà 5 ni gálọ́ọ̀nù tòun. Kò sí èyí tó jẹ́ 3.785, kò sí èyí tó jẹ́ 4.546 tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi kọ́ wa níléèwé. Torí náà ẹni tó bá fi "gallon" béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín láti ẹ̀yìn odi, ẹ ní kó sọ lítà.

Ará Àjàṣẹ́
Ẹ kú ìjókòó o. Àwa ti ìhà ibí ní orílẹ̀-èdè Benin, lítà ni wọ́n fi tọ́ wa. Kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wọlé, inú ìgò onílítà 1 ni wọ́n ń rọ ọ́ sí lẹ́bàá títì, ẹni tó bá fẹ́ púpọ̀ á ra bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá sí Badagry tí mo gbọ́ "gálọ́ọ̀nù kan" mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ 😅

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ epo bẹntiróòlù yẹn, ẹ bá mi dá sí i. Bùọ̀dá kan ládùúgbò wa ló máa ń sọ pé ní Amẹ́ríkà epo jẹ́ dọ́là 3, ó ní ká wá ṣe é sí náírà ká rí i pé tiwa ṣì rọ̀ jù, ká yé pariwo. Mi ò lè dá a lóhùn, ìwé ẹ̀ ju tèmi lọ.

Àdùnní Houston
Lọ bá a lónìí. Ká ní dọ́là 3 ni lóòótọ́, gálọ́ọ̀nù kan ló rà á, kì í ṣe lítà. Pín 3 sí 3.785, sẹ́ńtì 79 ni lítà kan. Bùọ̀dá yín ń fi owó lítà tiwa wé owó gálọ́ọ̀nù. Ká tiẹ̀ tó sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń san fún èèyàn lóṣù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Mo ti ń wọ bàtà.

Ọmọ Èkó ní Peckham
Gálọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá èmi àti kọ́sìn mi tó wà ní Dallas níjà. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, lítà ni a fi ń ra epo mọ́tò, àmọ́ tá a bá ń sọ bí mọ́tò ṣe ń mu epo, máìlì lórí gálọ́ọ̀nù la ṣì ń sọ, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Kọ́sìn mi ní mọ́tò òun ń ṣe máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní tèmi ń ṣe 34, mo fi ṣe fọ́ńté fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì nínú WhatsApp ẹbí. Àfi bí àbúrò ẹ̀ tó ń ka ẹ́ńjiníà ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé gálọ́ọ̀nù tiwọn kéré sí tiwa, torí náà 30 tiwọn jẹ́ 36 tiwa. Ó tún ní mọ́tò Dallas ń mu bíi lítà 7.8 lórí kìlómítà 100, tèmi sì ju 8 lọ. Mo kúrò nínú gúrúpù yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Páíńtì náà bákan náà o. Tiwa jẹ́ mílílítà 568, tiwọn 473. Àmọ́ ounce tiwa, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan olómi, ló tún kéré ju tiwọn lọ, 28.4 sí 29.6, ohun tó mú páíńtì tiwa tóbi ni pé ounce 20 ló wà nínú ẹ̀, tiwọn jẹ́ 16. Ẹ wo nǹkan.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)
Màmá Alépo, ẹ ní ẹ ṣírò owó kágò. Kílò ni wọ́n fi ń gba owó kágò, ṣé ẹ rántí? Àwọn kan máa ń rò pé lítà 25 jẹ́ kílò 25. Ti omi nìyẹn. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí tó fi ń léfòó lójú ọbẹ̀ nìyẹn, lítà 25 epo pupa jẹ́ bíi kílò 23, ẹ wá ro ti kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀ mọ́ ọn.

Mo mẹ́nu bà á nítorí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà ní July 23, 1983. Bàálù Boeing 767 ti Air Canada kan gbéra ní Montreal ó ń lọ sí Edmonton. Kánádà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní páùn bọ́ sí kílò nígbà yẹn, bàálù tuntun yìí sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ń lo kílò. Ẹ̀rọ tó ń sọ iye epo tó wà nínú táǹkì ti bàjẹ́, wọ́n fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, wọ́n bá lítà 7,682. Kílò 22,300 ni wọ́n nílò. Kí wọ́n lè sọ lítà di kílò, nǹkan bíi 0.8 ló yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀, 1.77 ni wọ́n lò, nọ́ńbà tó ń sọ lítà di páùn. Wọ́n rò pé kílò 13,597 ló wà nílẹ̀, wọ́n wá rọ lítà 4,917 sí i. Ohun tó yẹ kí wọ́n rọ lé ní lítà 20,000! Ẹ́ńjìn méjèèjì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀run.

Alépo Ìkirè
Yéèpà! Gbogbo wọn kú?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)
Èèyàn 69 ló wà nínú ẹ̀, ẹnìkankan ò kú. Kápútéènì wọn, Robert Pearson, mọ bí wọ́n ṣe ń fò nínú bàálù tí kò ní ẹ́ńjìn rárá, ó jẹ́ eré ìdárayá tó fẹ́ràn. Ó darí bàálù ńlá yẹn bí ẹyẹ àṣá tó na ìyẹ́, ó bà lé pápákọ̀ àtijọ́ kan ní Gimli tí wọ́n ti sọ di ibi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sá. Wọ́n tún bàálù yẹn ṣe, ó ṣì fò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò
Ẹ jẹ́ n padà sórí ṣíbí torí ẹ̀yin ń sọ ti gálọ́ọ̀nù, ṣíbí ló ń kó ìdààmú bá wa ní ọsibítù. Mọ̀lẹ́bí á fi oògùn olómi ọmọdé ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ìyá ọmọ á mú ṣíbí láti inú àwo ọbẹ̀, á bu ú fún ọmọ. Teaspoon jẹ́ mílílítà 5, tablespoon jẹ́ 15. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì ti fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣíbí ilé fúnra ẹ̀ ò sì bára dọ́gba, ẹ lọ wo ti ilé yín, ẹ máa rí mẹ́rin tí ìtóbi wọn yàtọ̀ síra. Àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gan-an ló rí i pé wàhálà yìí pọ̀, ẹgbẹ́ wọn sọ ní 2015 pé mílílítà nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ oògùn olómi, kí wọ́n yé kọ ṣíbí. Sìríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ tàbí ife kékeré tó bá oògùn wá ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má jù ú nù.

Ìyá Ìbejì Oníkéèkì (Ìbàdàn)
Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbé mi dé Kánádà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi padà sí kíṣìnì. Mo fẹ́ tún kéèkì yẹn ṣe, mi ò sì ní kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Àdùnní Houston
Ẹ ní sikéèlì àbí? Ẹ gbé kọ́ọ̀pù èyíkéyìí lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, ẹ bu omi sí i títí á fi dé gíráàmù 237, kẹ́ ẹ fa ìlà síbi tí omi dé. Kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà yín nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní sikéèlì, kó mú ìgò omi onísẹ̀ǹtílítà 50, kó bu ṣíbí ìjẹun tí wọ́n fi ń wọn nǹkan méjì kúrò nínú ẹ̀, ohun tó kù jẹ́ kọ́ọ̀pù méjì gééré, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó mílílítà 4.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Ṣé pure water náà á ṣe é?

Àdùnní Houston
Tó bá dá ẹ lójú pé ó kún.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi
Mo fà á padà.

Àdùnní Houston
Fún fúláwà, ẹ má tiẹ̀ fi kọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n mọ́ Màmá Ìbejì. Fúláwà tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí rọra bù sínú kọ́ọ̀pù, bíi gíráàmù 120 sí 125 ni. Èyí tẹ́ ẹ bá fi kọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ gbọ̀n láti inú àpò tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tó 150. Kọ́ọ̀pù kan náà o! Torí náà kọ́ọ̀pù 3 yẹn, ẹ wọn gíráàmù 360 sí 375. Ṣúgà kọ́ọ̀pù kan jẹ́ 200, ẹ wọn 400. Bọ́tà yín ti dáa bẹ́ẹ̀. Buttermilk tẹ́ ẹ ò bá rí, ẹ bu mílíìkì, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i bíi ṣíbí ìjẹun kan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà lọ́jà tí kò fẹ́ yọ fóònù, quart ni kó máa pè ní lítà tó sọ márùn-ún nù nínú ọgọ́rùn-ún. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ẹ yọ ìdá kan nínú 20. Gálọ́ọ̀nù 5 jẹ́ 20, ẹ yọ 1, ó di 19. Táǹkì onígálọ́ọ̀nù 16 jẹ́ 64, ẹ yọ 3 àti díẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 60. Ounce, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30. Agolo mineral tí wọ́n kọ 12 sí lára, ẹ máa bá 360, wọ́n kọ 355 síbẹ̀ fúnra wọn.

Alépo Ìkirè
Tíṣà, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé gbèsè mi.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta mo ní kí wọ́n ka thread yìí. Ọ̀kan ní ṣé òun náà lè kọ́ kéèkì.

Ìyá Ìbejì Oníkéèkì (Ìbàdàn)
Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ṣe é. Fúláwà 375, ṣúgà 400, mílíìkì tí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí, kọ́ọ̀pù kan dé ìlà. Ó wú, ó rọ̀, nígbà tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ ó ta padà sókè. Mo gé díẹ̀ fún kọ́sítọ́mà Sátidé yẹn, mi ò gba owó, ó ní òun ń bọ̀ fún Kérésì. Ojú ẹ̀ ṣì sán díẹ̀ láàárín, ó dà bíi pé ófùnù mi ti gbóná jù, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Àmọ́ kọ́ọ̀pù tí mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa fàlà sí lára tí mo gbé sọ́tọ̀ lórí fíríìjì, Táyé ti fi mu gàrí. Ó ní ìlà yẹn ló jẹ́ kóun mọ ibi tí omi yẹ kó dé.